ÒKUN KÌ Í HÓ RURU KÁ WÀ Á RURU: Ẹ̀yin tó ń lọ Máltà, ẹ bi afẹ́fẹ́ léèrè kẹ́ ẹ tó yan etíkun!

Ṣé ẹ rántí ìtàn Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì àti ọkọ̀ tó fọ́? Èyí tí wọ́n kọ́ wa ní Sọ́ńdè Sùkúù, tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27? Ìjì gbá ọkọ̀ wọn kiri fún ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko. Ènìyàn 276 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí ilẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ̀, wọ́n sì rí ibì kan tí òkun ti wọnú ilẹ̀, tó ní etí tó ṣeé gúnlẹ̀ sí. Ni wọ́n bá ní ibẹ̀ làwọn máa darí ọkọ̀ sí.

Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n yan etíkun. Àmọ́ ibi tí omi méjì ti pàdé ni ọkọ̀ náà lọ há sí. Iwájú rẹ̀ kò mì, ìgbì sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wẹ́wẹ́. Àwọn tó mọ̀wẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ́ sómi, àwọn yòókù sì di pákó mú. Ọlọ́run yọ gbogbo wọn.

Erékùṣù tí à ń wí yìí ni Bíbélì wa pè ní Mẹ́lítà. Máltà ni gbogbo ayé ń pè é lónìí. Àwọn ará ibẹ̀ ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà o. Gbogbo ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún ni wọ́n fi ń ṣe àjọ̀dún ìfọ́kọ̀ Pọ́ọ̀lù Mímọ́, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ń pè ní St Paul's Bay ni ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí.

Lóde òní, kì í ṣe ìjì ló ń gbé ènìyàn lọ sí Máltà mọ́. Bàálù ni. Láti Lọ́ndọ̀nù, bí wákàtí mẹ́ta ni. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní ìlú Òyìnbó, tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún sinmi pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ mú lọ gbádùn ara yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Owó ti jáde lápò, ọjọ́ sì kéré. Etíkun wo lẹ máa lọ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ṣí fóònù, wọ́n á wo àwòrán tó dára jù, wọ́n á ní, "Ibí yìí la ń lọ." Àṣìṣe ńlá ni! Àwòrán kì í sọ bí òkun ṣe máa rí lọ́la. Ní erékùṣù kékeré, afẹ́fẹ́ ló ń yan etíkun fún ènìyàn. Tẹ́ ẹ bá mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá láàárọ̀, ẹ ti mọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ lọ. Tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lè fi owó yín ra ìjàǹbá.

ERÉKÙṢÙ TÓ KÉRÉ, ÀPÁTA TÓ PỌ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń lọ. Àárín Òkun Mẹditaréníà ni Máltà wà. Sísílì, tí í ṣe ara ilẹ̀ Ítálì, wà lókè rẹ̀, Líbíà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Erékùṣù mẹ́ta ló ní ènìyàn nínú: Máltà fúnra rẹ̀, Gozo, àti Comino tó kéré jù. Tẹ́ ẹ bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, nǹkan bí 316 kìlómítà níbùú lóròó ni. Máltà gan-an gùn tó kìlómítà 27, ìbú rẹ̀ ò sì ju 14 àti ààbọ̀ lọ. Síbẹ̀, ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní ìdajì mílíọ̀nù.

Ọmọ abẹ́ Òyìnbó kan náà làwa àtàwọn. Àwa gba òmìnira ní 1960, àwọn gba tiwọn ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1964. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣì jẹ́ èdè ìjọba níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè tiwọn, nítorí náà ẹ ò ní ṣi ọ̀nà tẹ́ ẹ bá béèrè. Owó Yúrò ni wọ́n ń ná láti 2008. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọdá títì! Apá òsì ni ọkọ̀ wọn ń gbà. Nàìjíríà ti fi apá òsì sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, àwọn ò fi sílẹ̀. Ẹni tó ti ilé wá, ọwọ́ ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ wò.

Ohun tó ń ya àlejò lẹ́nu ni pé iyanrìn ò pọ̀ níbẹ̀. Àpáta ló yí erékùṣù náà ká, ní apá ibòmíràn ó ga bí ilé alájà púpọ̀. Etíkun oníyanrìn ò pọ̀ rárá, gbogbo wọn ni ènìyàn sì ń rọ́ lọ. Odò tó ń ṣàn wọnú òkun ní gbogbo ọdún ò sì sí ní Máltà, ẹrẹ̀ ò rí ọ̀nà wọnú omi. Ọ̀kan nínú ohun tó jẹ́ kí omi wọn mọ́ gaara nìyẹn, ènìyàn á dúró nínú omi tó dé àyà, á sì máa ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ òkun Èkó máa rò pé òkun tó mọ́ báyìí, tí kò hó, kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan. Irọ́ ni. Òkun Máltà ti gbé àlejò lọ rí, òmùwẹ̀ sì wà nínú wọn.

WỌ́N SỌ AFẸ́FẸ́ LÓRÚKỌ BÍ ỌMỌ

Àwọn ará Máltà mọ afẹ́fẹ́ wọn bí àwa ṣe mọ ọyẹ́. Orúkọ ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta tó ṣe kókó.

Majjistral ni èyí tó ń fẹ́ láti àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Òun ló ń fẹ́ jù nínú ọdún. Grigal ni èyí tó ń wá láti àríwá-ìlà-oòrùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé irú rẹ̀ ló gbá ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù. Ìgbà òtútù ló ń le jù, tó bá dé, àwọn apẹja á so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni Xlokk, tó ń wá láti gúúsù-ìlà-oòrùn. Lẹ́tà x tiwọn, ṣ tiwa ni, "Ṣlok" ni kẹ́ ẹ pè é. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni Xlokk ti ń bọ̀, aṣálẹ̀ kan náà tó ń fi eruku ọyẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Àmọ́ bí ọyẹ́ tiwa ṣe gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn rin, torí ó ti rìn lórí omi kó tó débẹ̀. Ó gbóná, ó sì máa ń jẹ́ kí ara lẹ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́.

Òfin rẹ̀ rọrùn: ibi tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí, ẹ kẹ̀yìn sí i. Etíkun tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ wọlé tààrà, ìgbì á wà níbẹ̀. Èyí tó wà lódìkejì, tí òkè ti dí i, omi rẹ̀ á dákẹ́ bí omi inú agbada. Bí erékùṣù náà sì ṣe kéré yìí, kò sí ọjọ́ tí ẹ ò lè bọ́ sí òdìkejì. Ìyẹn ni àǹfààní tí erékùṣù kékeré ní lórí ilẹ̀ ńlá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ tó wà ní pápákọ̀ òfuurufú Máltà ń kéde rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n á sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, wọ́n á sì sọ agbára rẹ̀ ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Force. Tó bá jẹ́ Force 2 tàbí 3, kò burú. Tó bá ti ń lọ sí 4 tàbí 5, ẹ sá lọ sí òdìkejì. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: afẹ́fẹ́ lè dákẹ́ kí ìgbì má tíì dákẹ́. Ìjì tó jà lánàá lè máa ta ìgbì sí etíkun títí di ọ̀sán òní, kí ojú ọ̀run sì mọ́ kedere.

TÍ MAJJISTRAL BÁ Ń FẸ́

Ní apá ìwọ̀-oòrùn Máltà, etíkun mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn: Golden Bay, Għajn Tuffieħa, àti Ġnejna. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ wọn dẹ́rù bà yín. Għ wọn, a kì í pè é jáde. "Ayn Tuffíha" ni kẹ́ ẹ sọ fún awakọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìsun omi ápù. Lárúbáwá ni gbòǹgbò èdè wọn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìjọ Àgùdà ló pọ̀ jù níbẹ̀. "Alla" ni wọ́n ń pe Ọlọ́run nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn etíkun mẹ́ta yìí rẹwà púpọ̀. Golden Bay ní ilé ìtura àti ilé oúnjẹ, bọ́ọ̀sì sì ń dúró nítòsí rẹ̀. Għajn Tuffieħa ò ní ariwo tó bẹ́ẹ̀, nítorí àtẹ̀gùn tó tó igba lẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ máa gùn ún padà o! Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó lọ jókòó sí Golden Bay. Lórí òkè tó wà láàárín àwọn méjèèjì, ilé ìṣọ́ kan ṣì dúró níbẹ̀ tí àwọn ajagun onísìn tó ń ṣàkóso Máltà nígbà náà kọ́ ní 1637, láti máa ṣọ́ ọ̀tá tó bá gba òkun wá.

Lọ́jọ́ tí Majjistral bá ń fẹ́, ọ̀tá tó ń gba òkun wá ni ìgbì. Tààrà ló ń wọlé sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Omi tí ìgbì ti sórí iyanrìn gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà, ó sì máa ń lanà tóóró fún ara rẹ̀ láàárín ìgbì, á máa ṣàn padà sí agbami. Ibi tí ìgbì ò ti hó yẹn ni àlejò á rò pé ó dára, ibẹ̀ ni omi á sì ti fà á lọ. Ẹ ò rí nǹkan!

Tí omi bá fa ènìyàn, kó má bá a jà. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ padà sí èbúté tààrà, àárẹ̀ ló máa mú un, àárẹ̀ ló sì ń pa òmùwẹ̀. Kó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń rìn lẹ́bàá etíkun, títí tó máa fi jáde nínú ọ̀nà omi náà. Lẹ́yìn náà, ìgbì fúnra rẹ̀ á ràn án lọ́wọ́ padà sílẹ̀. Tí kò bá ní agbára, kó léfòó, kó gbé ọwọ́ sókè, kó ké.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Majjistral, ẹ gba gúúsù-ìlà-oòrùn lọ. Pretty Bay wà ní Birżebbuġa, ó ní iyanrìn, omi rẹ̀ ò jìn lójijì. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ máa rí irin ńláńlá tí wọ́n fi ń já ẹrù ọkọ̀ ní èbúté Freeport níwájú yín. Àwọn kan ní ó ba ojú jẹ́. Èmi ní, ta ló ń jẹ ojú? Omi tó dákẹ́, tí ọmọ lè ṣeré nínú rẹ̀, sàn ju ìran tó dára tí omi rẹ̀ ń gbé ènìyàn.

Ìtòsí ibẹ̀ náà ni Marsaxlokk wà, ìlú àwọn apẹja. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: "marsa" ni èbúté, "xlokk" ni afẹ́fẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn. Àwọn baba ńlá wọn ti kọ ìkìlọ̀ sínú orúkọ ìlú. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ ya ọjà ẹja, kẹ́ ẹ sì wo ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní luzzu, tí wọ́n kun ojú méjì sí níwájú, bíi pé ọkọ̀ náà ń ríran.

TÍ GRIGAL TÀBÍ XLOKK BÁ DÉ

Tó bá jẹ́ Grigal ló ń fẹ́, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà. Mellieħa, St Paul's Bay, Sliema, gbogbo wọn ló máa gba ìgbì. Lọ́jọ́ yẹn, Golden Bay àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ló máa dákẹ́.

Tó bá sì jẹ́ Xlokk, gúúsù ló máa le. Ẹ gba àríwá lọ. Ibẹ̀ ni etíkun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sí àyà wà.

FÚN ỌMỌDÉ ÀTI ÌYÁ ÀGBÀ: GĦADIRA

Għadira, tí àwọn kan ń pè ní Mellieħa Bay, ni etíkun oníyanrìn tó gùn jù ní Máltà. Nǹkan bí 800 mítà ni. "Adíra" ni kẹ́ ẹ pè é. Ohun tó jẹ́ kó dára fún ẹbí ni pé ènìyàn á rìn rìn rìn wọnú òkun, omi ò sì ní ju ìbàdí lọ. Ọmọdé lè ṣeré ní ẹsẹ̀ omi, ìyá àgbà lè jókòó kí omi máa fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, kò sí àtẹ̀gùn, kò sí àpáta tí à ń gùn.

Àmọ́ omi tí kò jìn kò sọ pé ká gbójú kúrò lára ọmọ. Ọmọ kékeré lè kú sínú omi tó dé orúnkún, kì í sì í ké kó tó rì. Ẹni kan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ jẹ́ olùṣọ́, kó má ka ìwé, kó má tẹ fóònù, kó má sùn. Ẹ máa gbà á fún ara yín ní wákàtí wákàtí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

FÚN Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́ TÓ MỌ̀WẸ̀

Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ mi ò ní fẹ́ jókòó ti ìyá àgbà. Ẹ máa gbọ́ nípa St Peter's Pool, tí kò jìnnà sí Marsaxlokk. Kò sí iyanrìn níbẹ̀. Àpáta ni, òkun ti gbẹ́ ẹ bí adágún ńlá, omi rẹ̀ sì jìn láti etí. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bẹ́ sínú rẹ̀ láti orí àpáta. Ẹni tó bá mọ̀wẹ̀ dáadáa á gbádùn ibẹ̀ lọ́jọ́ tí òkun bá dákẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, kó jókòó sórí àpáta, kó máa ya fọ́tò. Tí ìgbì bá sì wà, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́: bíbọ́ sínú omi rọrùn, jíjáde ló le, torí ìgbì á máa gbá ènìyàn mọ́ àpáta.

Ẹ má bẹ́ sínú omi tẹ́ ẹ ò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ o. Orí tàbí ọrùn tó bá kan àpáta, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, nítorí ẹ̀dá òkun kékeré kan wà lára àpáta tó kún fún ẹ̀gún bí òòrẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ìsinmi rẹ̀ ti di ìtọ́jú ẹsẹ̀.

GOZO: IYANRÌN PUPA, ÀTI FÈRÈSÉ TÓ WÓ

Láti Ċirkewwa ní àríwá Máltà, ọkọ̀ ojú omi ń gbé ènìyàn àti mọ́tò lọ sí Gozo. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 lọ. Láti 2021, ọkọ̀ asáré míì ń gbéra láti Valletta, olú-ìlú wọn, ìyẹn ń gbà tó ìṣẹ́jú 45.

Ramla l-Ħamra ni etíkun tó lókìkí jù ní Gozo. Orúkọ rẹ̀ ni iyanrìn pupa, bẹ́ẹ̀ ló sì rí, ó pọ́n bí ilẹ̀ wa. Lórí òkè ibẹ̀ ni ihò kan wà tí wọ́n fi orúkọ Calypso pè, obìnrin inú ìtàn Gíríìkì àtijọ́ tó dá Odysseus dúró fún ọdún méje. Àríwá ni Ramla kọjú sí, nítorí náà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti àríwá bọ̀, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Ħondoq ir-Rummien ni kẹ́ ẹ lọ, tó kọjú sí Comino, tí ilẹ̀ Gozo fúnra rẹ̀ sì ti dí afẹ́fẹ́ fún. San Blas náà ní iyanrìn pupa, ó kéré, ó sì tutù lójú, àmọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ síbẹ̀, ẹni tó bá gùn ún padà lọ́sàn-án á rántí ìyá rẹ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwòrán àtijọ́. Ẹ lè rí fọ́tò àpáta ńlá kan ní Dwejra ní Gozo, tí àárín rẹ̀ lu bíi fèrèsé sórí òkun. Azure Window ni wọ́n ń pè é. Ó ti wó! Ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2017 ni ìjì wó o lulẹ̀, kò ku ẹyọ kan lókè omi. Tí àpáta tó tó bẹ́ẹ̀ ò bá lè dúró de ìgbì, kí ni ti ọmọ ènìyàn?

COMINO: GBOGBO AYÉ LÓ Ń LỌ

Ta ni kò tíì rí fọ́tò Blue Lagoon? Láàárín Comino àti ọmọ erékùṣù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, omi rẹ̀ mọ́ bíi dígí, iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun. Èyí tí fọ́tò kì í fi hàn ni èrò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọkọ̀ á máa já ènìyàn sílẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, nígbà tí ilẹ̀ tí wọ́n lè jókòó sí kò tó nǹkan.

Èyí ti dá ìjà sílẹ̀. Nígbà kan, àwọn tó ń háyà àga fún àlejò máa ń tẹ́ ẹ kún ilẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ọmọ onílẹ̀ kì í sì í ríbi tẹ́ aṣọ ìnura sí àfi tó bá sanwó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ẹgbẹ́ Moviment Graffitti lọ síbẹ̀, wọ́n kó àga náà kúrò, wọ́n ní etíkun ti gbogbo ènìyàn ni. Ní 2025, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí Blue Lagoon gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wádìí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó san owó ọkọ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi? Tẹ́ ẹ bá ní láti lọ, ẹ lọ ní oṣù kẹwàá. Omi ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí òkun kì í tètè tutù bí ilẹ̀, èrò sì ti dín. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́. Ẹni tí èrò ń sú, kó fi Comino sílẹ̀.

ÀSÍÁ MÁRÙN-ÚN TÓ LÈ GBA Ẹ̀MÍ YÍN LÀ

Ní àwọn etíkun ńlá, àwọn tó ń ṣọ́ òkun máa ń wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àsíá ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀. Aláwọ̀ ewé: omi dákẹ́. Aláwọ̀ ìyeyè: ẹ ṣọ́ra, ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ dáadáa kó dúró sílẹ̀. Pupa: ewu wà, ẹ má wọ̀ ọ́. Pupa méjì: èèwọ̀ ni fún gbogbo ènìyàn. Elése àlùkò: nǹkan tó ń ta ènìyàn wà nínú omi.

Nǹkan tó ń ta ènìyàn yìí, jẹ́lífíìṣì ni. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ó rí bí agbòjò kékeré, okùn tín-ín-rín sì ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ súnmọ́ elése àlùkò. Afẹ́fẹ́ kan náà tó ń ti ìgbì wá ló ń ti òun náà wá sí etí. Tó bá ta yín, omi òkun ni kẹ́ ẹ fi fọ ojú ibẹ̀. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, ẹ má fi iyanrìn ra á, torí ńṣe ni oró tó kù á tún tú jáde.

Tẹ́ ẹ bá rí ewé gbígbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tó kó jọ bí òkìtì sí etíkun, ẹ má sọ pé ibẹ̀ dọ̀tí. Koríko òkun tí wọ́n ń pè ní Posidonia ni. Inú omi tó mọ́ ló ti ń hù, òkìtì rẹ̀ sì ń dáàbò bo iyanrìn kí ìgbì má gbá a lọ.

KẸ́ Ẹ TÓ GBÉRA

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ẹ gbọ́ o: ìwé ìgbélùú ti ìlú ọba nìkan ò lè mú yín wọ Máltà. Físà Schengen lẹ máa gbà, torí Máltà ti wọ ẹgbẹ́ náà láti ìparí 2007. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, kí owó bàálù má bàa ṣòfò.

Ẹ mú agboòrùn dání, igi ò pọ̀ létí òkun. Ẹ má sọ pé "Adúláwọ̀ ni mí, oòrùn ò lè ṣe mí ní nǹkan." Oòrùn oṣù keje àti ìkẹjọ níbẹ̀ ń ju ìwọ̀n 30 lọ dáadáa, ooru sì lè dá àgbàlagbà wó. Ẹ gbé omi mímu. Láàárọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ló dára jù láti lọ.

Ètò tí mo bá fún ẹbí tó ní ọjọ́ mẹ́ta nìyí: ẹ má yan etíkun kankan láti ilé. Ẹ kọ orúkọ mẹ́ta sínú ìwé, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan ní gúúsù-ìlà-oòrùn, ọ̀kan ní àríwá. Láràárọ̀, bẹ́ ẹ bá ti jẹun tán, ẹ wádìí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kẹ́ ẹ tó fa ìlà sábẹ́ orúkọ kan. Bọ́ọ̀sì láti ìkángun kan sí ìkejì lè gbà ju wákàtí kan lọ, torí títì wọn há, ọkọ̀ sì pọ̀. Wákàtí kan yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí ọmọ ẹni.

Tí gbogbo etíkun bá sì ń hó lọ́jọ́ kan, ẹ má wọ omi rárá. Ẹ lọ jẹ ẹja ní Marsaxlokk, ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní Valletta. Òkun ò lọ ibì kankan, ó máa wà níbẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tẹ́ ẹ ti dé Máltà rí, etíkun wo lẹ lọ, afẹ́fẹ́ wo lẹ bá níbẹ̀? Ẹ kọ̀wé sí ojú ìwé lẹ́tà wa, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣe ṣókí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ kó ṣeé kà. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Pretty Bay, àyè wà fún un.